Bàbá Tí Ó Ń Yẹ Ìwé Wò Bíi Kòkó

"Bàbá, ìwé Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi ńkọ́? Gírédì wo ni ẹ fún un?"

Ìbéèrè tí mo bi Bàbá Ọmọ́délé nìyẹn ní ọdún tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, nínú ilé gàrí tó wà lẹ́yìn ọjà ní Ayétòrò, lójú gbogbo àwọn obìnrin tí ń bó ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe pé mo láyà. Ọ̀rọ̀ náà ló bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rí i dì mú. Bàbá wò mí, ó wo òkè, ó ní ó dà bíi pé òjò máa rọ̀. Oòrùn ọjọ́ náà sì mú débi pé àwọn ajá kò lè tẹ ilẹ̀.

Ọjọ́ ewúrẹ́ ni ọjọ́ náà, ọjọ́ tí Ayétòrò fi ń rántí Bàbá títí di òní. Ọkùnrin kan ní Èkó ló kọ ìwé ìtàn àròsọ kan, ìwé náà gba ẹ̀bùn ní òkè òkun, rédíò sì ń fi orúkọ rẹ̀ jí wa láràárọ̀. Wọ́n ní ó ti di ìwé àgbà. Ìwé àgbà ni Bàbá máa ń pe ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, tí àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò sì tún máa kà nígbà tí wọ́n bá darúgbó. Bàbá kò gba ti rédíò gbọ́. Ó ra ìwé náà, ó sì ń kà á sókè fún àwọn obìnrin ilé gàrí lójoojúmọ́. Nígbà tó dé ibi tí omi ti gbé obìnrin inú ìtàn náà lọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú. Màmá Málọmọ́, ìyá àgbà mi, tó jẹ́ olórí àwọn tí ń bó ẹ̀gẹ́, kò gbé orí sókè. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí obìnrin inú ìwé kú tán, Màmá béèrè ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ òun.

Bàbá pa ìwé náà dé. Ó ní, "Kò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ ká sá a."

A rò pé àwàdà ni. Bàbá dìde, ó lọ sí orí pèpéle sìmẹ́ǹtì tí wọ́n sá láfún sí, ó ṣí ìwé náà sílẹ̀ láàárín láfún, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ó padà wá jókòó. Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ ìyá Sẹ̀kínát dé ibẹ̀. Nígbà tí a fi máa lé e, ó ti jẹ nínú ìwé náà. Ìyá Sẹ̀kínát mú pàṣán, ó fẹ́ na ewúrẹ́ rẹ̀, ó sì ń bẹ Bàbá. Bàbá yẹ ohun tó ṣẹ́ kù wò dáadáa, ó ní kí ó má na ẹran náà rárá.

"Orí kẹrin àti karùn-ún ni ó jẹ," ni Bàbá wí. "Àwọn méjèèjì nìkan náà ló dára nínú ìwé yẹn."

Ibi tí gbogbo ilé gàrí ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti béèrè ìbéèrè mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí ni Ẹ̀gbọ́n Olúwakẹ́mi. Ìbàdàn ló ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀, òun náà sì ti kọ ìwé ìtàn àròsọ kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń pe Màmá Málọmọ́ lórí fóònù. Á kí gbogbo wa, á béèrè ẹ̀gẹ́, á béèrè òjò. Nígbà tí kò bá sí nǹkan mìíràn tó lè béèrè mọ́, á wá ní, "Màmá, ṣé Bàbá ti sọ nǹkan kan?" Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin tí ń fún gbogbo ohun tó wà láyé ní gírédì kò fún ìwé ọmọ rẹ̀ ní ìkankan.

Caleb ni orúkọ ìrìbọmi Bàbá, ṣùgbọ́n Bàbá Gírédì ni àwọn ọmọdé ń pè é. Kí ó tó fẹ̀yìntì, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kòkó ló sì ń yẹ̀ wò. Bí àwọn àgbẹ̀ bá kó àpò kòkó wá sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń rà á, Bàbá á ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín àpò, á fa ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, á mì ín létí, á gbóòórùn rẹ̀, á fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀ sí méjì. Bí ó bá gbẹ, tí kò sì ní èébu, á lu òǹtẹ̀ gírédì kìn-ín-ní mọ́ àpò náà. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, á ní, "Kò tíì gbẹ. Ẹ lọ sá a." Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, ìjọba gba irin àti òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rántí gba gbólóhùn náà.

Ìyàwó rẹ̀, ìyá Kẹ́mi, gba gírédì kejì lórí ọbẹ̀ ilá títí ó fi kú. Ìgbà tí wọ́n sin ín tán ni Bàbá sọ ọ́ di kìn-ín-ní lójú gbogbo ẹbí. Ó ní ó ti pẹ́ tí ó ti tó bẹ́ẹ̀, òun kò kàn fẹ́ kí ó gbéra ga ni.

Nígbà tí Husain wá tọrọ Azeezat, ọmọ àdúgbò wa, bàbá Azeezat ní kí Bàbá bá òun wo ọmọkùnrin náà, nítorí àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé, ojú Bàbá sì mú. Bàbá jókòó tì í, ó bi í pé ta ni ó bá jà kẹ́yìn. Husain ní òun kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bàbá yíjú sí àwọn àgbà, ó ní òkè àpò dára, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì gbẹ. Wọ́n kúkú fi Azeezat fún un. Di òní, bí Husain bá ṣe àṣìṣe nínú ilé, ohun tí ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni pé kí ó ṣe sùúrù, òun ṣì wà lórí pèpéle.

Pásítọ̀ Adéwùnmí náà kò bọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá dì í lọ́wọ́ mú, ó sì ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù náà gbẹ, òpin rẹ̀ gbẹ, àárín rẹ̀ ló ní èébu. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ gun orí pẹpẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù láti àárín. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí ó ti ń bọ̀ tàbí ibi tí ó ń lọ. Bàbá nìkan ni ó ń ṣe àmín.

Lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀ ni ìwé wá di kòkó rẹ̀. Kò fẹ́ èyí tí gbogbo ayé ti yìn. Ó ní àwọn ìyẹn ti gba òǹtẹ̀ kí wọ́n tó bí òun, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òun ṣe? Ìwé àwọn tó wà láàyè ni ó ń wá, àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré sí Kẹ́mi. Tíṣà Oyèwọlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò gbà fún un. Tíṣà gbà pé àwọn òǹkọ̀wé ti kú tán, pé àwọn tó kù wulẹ̀ ń ba bébà jẹ́ ni. Wọn a máa jiyàn lé e lórí lábẹ́ ọsàn iwájú ilé Bàbá títí ẹni tó gbé omi wá fún wọn á fi tún gbé e padà.

"Tíṣà," ni Bàbá wí fún un lọ́jọ́ kan, "kòkó tí bàbá-ńlá yín tà tí wọ́n fi kọ́ ilé tí ẹ ń gbé, tútù ni òun náà ṣe jáde nínú èèpo."

Ìlaròó ni ó ti máa ń ra ìwé, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ìtẹ́olúwakìíṣí, ẹni tí ń pàtẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá á mú ìwé kan, á mì ín létí. Á gbóòórùn rẹ̀. Á wá ṣí i láàárín gan-an, nítorí ó mọ̀ pé àgbẹ̀ ọlọ́gbọ́n a máa kó kòkó tó dára sí òkè àpò, kò sì rí ìdí tí òǹkọ̀wé kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nínú gbogbo ìwé tí Bàbá kà, ó máa ń mọ ẹni tó kú kí ó tó mọ ẹni tí wọ́n bí. Ní ọjọ́ kan, ó sú Ìtẹ́olúwakìíṣí.

"Bàbá, ìwé ni o. Kì í ṣe obì."

"Mo mọ̀," ni Bàbá fèsì. "Ká ní obì ni, ẹ̀ bá ti jẹ́ kí n tọ́ ọ wò."

Ilé gàrí ni ó fi ṣe ibi ìsáwé. Ó ní àwọn tó jókòó láti fetí sí ìwé nìkan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ojú lè máa ti irú wọn láti sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òkìtì ẹ̀gẹ́ níwájú, tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn tí ń yan gàrí sì ń dúró dè é, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìtàn, ìtàn ti ṣe nǹkan kan nìyẹn. Bàbá á máa kàwé, ojú rẹ̀ á máa wo ọwọ́ wọn láti òkè awò ojú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá dúró, á mi orí.

Síbẹ̀, kò ní tíì lu òǹtẹ̀. Ó ní ọwọ́ tó dúró lẹ́ẹ̀kan, dídùn ni, ohun dídùn sì lè jẹ́ omi. Á gbé ìwé náà pamọ́ títí òjò á fi rọ̀ tí á dá, tí á tún rọ̀ tí á dá. Á wá gbé e jáde, á tún kà á fún àwọn obìnrin kan náà. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa kú. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa ja ẹni kulẹ̀. Bí ọwọ́ bá tún dúró, nígbà náà ni á mú òǹtẹ̀ igi tí gbẹ́nàgbẹ́nà kan gbẹ́ fún un ní Owódé, á sì lù ú mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́. Tíṣà Oyèwọlé bi í ní ìdí rẹ̀. Bàbá ní ìwé àgbà ni ìwé tí ènìyàn ti mọ òpin rẹ̀, tí àyà rẹ̀ ṣì ń já pé ó lè parí báyìí.

Díẹ̀ ni àwọn tó gba òǹtẹ̀ náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn sọ nípa obìnrin kan tó ti òkè òkun dé, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ tó rà, wọ́n ń wọ aṣọ tó kó bọ̀, wọn kò bi í. Nígbà tí Bàbá kà á lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo wa mọ̀ pé wọn kò ní bi í títí ìwé á fi parí. Màmá Málọmọ́ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn dé ibi tí wọ́n jókòó yí i ká nídìí oúnjẹ, Màmá ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì kọjú sí ìwé náà.

"Ẹ bi í, ẹ̀yin ọ̀dájú."

Ìwé yẹn gba òǹtẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ọjọ́ náà kò ṣeé bó tán, àwọn tí ń yan gàrí sì bínú lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá Málọmọ́ dúró de Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Kẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí kò dáa ni kí ẹ gbé wá lónìí. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀."

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tí ìwé Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi dé, ṣáájú ọjọ́ ewúrẹ́. Awakọ̀ kan ló gbé e bọ̀ láti Ìbàdàn. Èdè Yorùbá ló fi kọ ọ́, ó sì dá lórí obìnrin kan lẹ́bàá Ìdí-Ìrókò tí ààlà orílẹ̀-èdè méjì gba inú ilé rẹ̀ kọjá, tí ilé ìdáná rẹ̀ wà ní ìhà tiwa, tí ibùsùn ọkọ rẹ̀ sì wà ní Bẹ̀nẹ̀. Bí ó bá ń gbé ọbẹ̀ lọ fún ọkọ rẹ̀, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á ní kí ó ṣí ìkòkò. Àwọn ti ìhà kejì náà á dá a dúró, wọn á fi Faransé bi í bóyá ata inú rẹ̀ ní ìwé àṣẹ.

Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ awakọ̀. Kò mì ín létí. Kò gbóòórùn rẹ̀. Kò ṣí àárín rẹ̀ wò. Ó wé e padà sínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá, ó sì fi í fún Bàrúwà ọlọ́kadà pé kí ó máa bá òun kà á fún wọn ní ilé gàrí. Gbogbo ènìyàn ya ẹnu. Bàrúwà kàwé yanjú, ṣùgbọ́n ohùn kan náà ló fi ń ka ìgbéyàwó àti ikú, bí ẹni tí ń kéde ewúrẹ́ tó sọnù ní gáréèjì. Màmá Málọmọ́ ní ọmọ wo ni bàbá rẹ̀ á ní ohùn iyọ̀ báyìí, tí á wá fi ọmọ náà lé Bàrúwà lẹ́nu. Síbẹ̀, láti inú ohùn Bàrúwà, ọwọ́ dúró. Mo rí i. Bàbá kò wo ọwọ́ kankan; ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ọ̀nà.

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n dé orí tó sọ nípa bàbá obìnrin náà. Bàbá inú ìwé yẹn kì í jẹ, kì í mu, láìṣe ìdájọ́. Wọ́n fún un ní iyán, ó ní kò tíì gbẹ. Wọ́n gbé ìkókó fún un, ó mì ín létí. Níkẹyìn, wọ́n bu omi fún un. Bàrúwà kà á bí ó ṣe máa ń kà: "Bàbá náà bu omi náà mu, ó sì wí pé, Kò tíì gbẹ."

Àwọn obìnrin ti fara ti ara wọn. Gbogbo ojú wà lára Bàbá. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Bàrúwà, ta ni ọkùnrin aláìmòye yìí?"

"Bàbá, wọn kò dárúkọ rẹ̀."

"Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé," ni Bàbá wí. "Orí yẹn kò tíì gbẹ. Ẹ lọ sá a."

Gàrí tó wà lórí iná lọ́jọ́ náà jóná, nítorí àwọn tí ń yan án ti jókòó sílẹ̀, wọ́n ń nu omi ẹ̀rín lójú.

Láti ìgbà náà, bí Bàrúwà bá ti yọ ìwé náà jáde, Bàbá á dìde, á ní òun ń lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé. Kò ní padà títí Bàrúwà á fi pa á dé. Nígbà tí òjò rọ̀ tó dá, tó tún rọ̀ tó dá, tí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Sẹ̀kínát ní ìtọ̀ Bàbá ló kórìíra ìwé yẹn. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n fóònù ọjọ́ Ìsinmi kò dẹ́kun, Màmá Málọmọ́ kò sì mọ ohun tí ó máa wí mọ́. Ó sọ fún Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi pé Bàbá ṣì ń rò ó. Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi ní, "Ṣé ó máa ń rò ó pẹ́ báyìí kí ó tó fún ọbẹ̀ mi ní gírédì?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ọdún tó tẹ̀lé ọjọ́ ewúrẹ́ ni àwọn tó fẹ́ràn ìwé péjọ ní gbọ̀ngàn kan ní Ìlaròó nítorí ìwé Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi. Ayétòrò gba bọ́ọ̀sì lọ. Bàbá wọ agbádá tí ó fi ṣe ìgbéyàwó, ó jókòó ní ìlà iwájú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí eékún bíi ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi wà lórí pèpéle. Mo rí i pé bàbá rẹ̀ nìkan ni ó ń wò.

Ọkùnrin kan tó mọ̀wé dìde. Ó ní nínú gbogbo ìtàn àròsọ tó ti jáde láti ọdún mélòó kan wá, èyí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó yẹ kí a pè ní àgbà láìdúró de ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó ní òun fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, kí bàbá tó bí òǹkọ̀wé náà sì wá sọ tirẹ̀. Bí ó ṣe la ẹnu báyìí, Bàbá dìde. Ó mú fìlà rẹ̀, ó gba àárín ìjókòó kọjá, ó jáde.

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi ń wo ẹ̀yìn agbádá náà títí ó fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ gbìyànjú, ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ púpọ̀, bóyá kí ojú má baà ti ọmọ náà. Bàbá kò wọlé mọ́. Inú bọ́ọ̀sì ni a ti bá a, ó ń làágùn. Kò sọ nǹkan kan dé Ayétòrò, àyàfi pé ó ní gírédì kẹta ni awakọ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi kò bá wa padà. Ìbàdàn ló gbà lọ tààrà. Ó ń fi oògùn àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, kò jẹ́ kí nǹkan kan wọ́n ọn, ṣùgbọ́n kò wá sílé ní Kérésì, kò sì wá ní èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá pe Màmá Málọmọ́, á kí wa, á béèrè ẹ̀gẹ́, á béèrè òjò, á sì pa fóònù rẹ̀. Kò tún béèrè mọ́ bóyá Bàbá ti sọ nǹkan kan.

Màmá Málọmọ́ kò lè pa á mọ́ra. Ó dúró lé Bàbá lórí níwájú gbogbo ilé gàrí, ó ní, "Bàbá Kẹ́mi, ewúrẹ́ ìyá Sẹ̀kínát sàn jù yín lọ. Òun tilẹ̀ tọ́ ìwé ọmọ ọlọ́mọ wò."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá nawọ́ mú ọ̀bẹ kan, ohun tí a kò rí kí ó ṣe rí, ó sì ń bó ẹ̀gẹ́. Èyí tó bó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù lẹ́yìn tí ó gé gbogbo ara rẹ̀ dànù tán. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní gírédì kẹta ni. Ó wá jókòó tì í, ó sì ń kọ́ ọ bí a ṣe ń mú ọ̀bẹ.

Bàbá kò dáwọ́ ìwé dúró, ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Tíṣà Oyèwọlé, tó ní òǹkọ̀wé ti tán, ló tún ń mú ìwé tuntun wá fún un láti fi tù ú nínú. Ó mú ọ̀kan wá nípa awakọ̀ kan ní ọ̀nà Abẹ́òkúta tó bá ọmọ ọwọ́ kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo èrò ti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá kà á, ọwọ́ dúró, Tíṣà fúnra rẹ̀ nu ojú. Bàbá ní kí a gbé e pamọ́ de òjò. Ó wò wá, ó ní kí àwọn tó máa wà nígbà náà má gbàgbé láti tún un kà.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Màmá Málọmọ́ pe Ìbàdàn. Ó ní òun kò pe òǹkọ̀wé o, ọmọ ni òun pè. Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi dé ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀. Bàbá ní ó ti rù. Òun náà ní Bàbá ti rù.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí Bàbá kú, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi àti Màmá Málọmọ́ gbé ògì lọ. Bàbá wà lórí àga onírọ̀gbọ̀kú. Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi ń fi ṣíbí fún un ní ògì náà. Ó tọ́ ọ wò. Gbogbo wa ń dúró de gírédì. Ó gbé e mì, ó ní ó dára gan-an. Ìgbà yẹn ni ojú Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi kún fún omi, nítorí ó mọ̀ nígbà náà pé àìsàn náà kì í ṣe kékeré.

Bàbá yíjú sí mi. "Pẹ̀lúmi. O bi mí ní ọ̀rọ̀ kan nígbà kan, mo sọ̀rọ̀ òjò fún ọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kò burú.

Bàbá ní nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, bàbá òun náà ní oko kòkó. Bí wọ́n bá ti gbé àpò bàbá òun wọ ìsọ̀, òun gbọ́dọ̀ dìde, òun gbọ́dọ̀ jáde, kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni kan kì í yẹ kòkó ilé baba rẹ̀ wò. Kódà bí ó bá kàn jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ lè tẹ òṣùwọ̀n. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni òun máa ń dúró sí, àyà òun á máa lù kìkì. Ó ní bàbá òun kú láìmọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Bàbá òun rò pé òun kò bìkítà ni.

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Bàbá, ní Ìlaròó. Ibo lẹ lọ?"

"Wọ́n ti gbé àpò mi wọlé, Kẹ́mi. Kí ni kí n jókòó ṣe? Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo lọ, lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ wọn."

"Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ?"

"Mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn pọ̀ ju ti ọ̀kadà Bàrúwà lọ." Ó na ọwọ́, ó gbé e lé ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni ó ń wò, bí ẹni tí ń dáhùn níwájú tíṣà. "Mi ò ní gírédì tí mo lè fún ìwé yẹn, Pẹ̀lúmi. Kò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ àtẹ́wọ́, mo sì jó. Mo jó títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀."